Ọ̀pá Tí A Ò Rí Yọ Lábẹ́ Jíìpù Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síwájú yín lónìí láìwọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí nínú ìjọ yìí mọ̀ pé n kì í jáde wá jẹ́rìí. Tí wọ́n bá ti gbé máíkì fún mi, ọ̀rọ̀ á fò lọ. Àmọ́ tí mo bá dákẹ́ lórí eléyìí, àfàìmọ̀ kí òkúta má bá mi sọ ọ́. Ẹ bá mi yìn ín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun.

Èmi ni Màmá Tòmíwá. Tísà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Ara, ibí ní Ẹdẹ ni mo sì ń gbé tí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Tòmíwá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń dá báyìí ní ẹ̀yìn Ara. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí ẹ ò rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí wọn, ó sì tún dá lórí mọ́tò mi. Mo mọ̀ pé inú ilé Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n ti ń polówó mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi, torí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìdárúkọ mọ́tò náà.

Jíìpù kékeré ni, tòkunbọ̀, aláwọ̀ eérú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e wálé, àwọn ará àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé jíìpù leléyìí ni àbí ọmọ jíìpù tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Mo ní ẹ máa wò ó, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ràn mọ́tò yẹn, mi ò ní fi bò fún yín. Ó ga lórí ilẹ̀ débi pé tí mo bá jókòó sínú rẹ̀, mo máa ń rí ọ̀nà kọjá orí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú mi. Kòtò tó máa ń ha abẹ́ mọ́tò àwọn ẹlòmíràn, á rọra bọ́ sínú rẹ̀, á sì rọra jáde. Tó bá dé orí òkè, kì í mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá ti mọ ìró rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lókèèrè báyìí, gbogbo wọn á ti jókòó pẹ̀sẹ̀ kí n tó wọlé.

Ohun tó wá yàtọ̀ lára rẹ̀ ni pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń wà nílùú yìí, táyà méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì yòókù kàn ń tẹ̀lé wọn kiri ni. Ní ti jíìpù mi, ọ̀pá irin gígùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé agbára íńjìnnì lọ fún táyà ẹ̀yìn. Pùròpẹ́là ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Tí ti iwájú bá ti ń yọ̀, ti ẹ̀yìn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí à ń ṣe sí i nílẹ̀ wa níbí. Bí a bá ti rà á báyìí, ẹnìkan á ní ká lọ yọ ọ̀pá yẹn dànù. Wọ́n á ní ó ń jẹ epo, wọ́n á ní ó ń pariwo, wọ́n á ní kí la fẹ́ fi ṣe ní Ẹdẹ níbí, ṣé orí àpáta là ń gbé ni. A óò sì yọ ọ́, a óò gbé e jù sẹ́yìnkùlé kó máa dípẹtà. Nílé tiwa, ọkọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Wọ́n ní, “Màmá Tòmíwá, jíìpù ẹ yìí ń mu epo bí aláàwẹ̀ tó rí omi ìṣínu. Jẹ́ ká yọ ọ̀pá yẹn kúrò, kí ara tù wá.” Gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta epo. Mo gbà.

Mo lọ bá mẹkáníìkì wa, Múdà. Ọmọ Ìwó ni, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A dá ọjọ́. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa níléèwé, mo wa mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Múdà ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Àgbò tí mo rà ni mo tẹ̀lé wá sí Ìwó. Ẹ jẹ́ ká jẹ Iléyá tán, ọ̀pá yẹn ni n óò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn tí mo bá dé.” Inú bí mi gan-an. Mo pòṣé láti ibẹ̀ títí dé ilé. Ọkọ mi ní kí n wá mẹkáníìkì mìíràn. Mo wá a dé Awo. Ẹ̀yin náà ẹ wá mẹkáníìkì lágbègbè wa yìí lọ́sẹ̀ Iléyá kí ẹ rí i. Ẹni tí kò bá rìnrìn àjò, á ti lọ kó ewé fún àgbò. Bí a ṣe pa á tì nìyẹn, pé tí Múdà bá dé kó yọ ọ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá, kò sí iléèwé. Ọkọ mi ti jí jáde, ọ̀kadà ló gbé wọn lọ sóko. Wọ́n ní koríko fẹ́ bo àgbàdo mọ́lẹ̀, wọn ò sì fẹ́ da oorun mi rú. Bí mo ṣe ń fọ aṣọ lọ́wọ́ ni òjò dé. Ẹ̀yin náà rántí òjò ọjọ́ yẹn, òjò tó rọ̀ bí ẹni pé ó ní ohun tó ń bá ilẹ̀ jà lé lórí. Ó ń dá lọ nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá Mùtíù ni, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ máa bọ̀ o. Paramọ́lẹ̀ ti ṣán Bàbá Tòmíwá lẹ́sẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n gbé wọn sórí ọ̀kadà kíá. Ó ní ọ̀kadà tó fẹ́ wọlé ti ṣubú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ti padà. Ó ní ẹsẹ̀ ti ń wú, àwọn ò sì lè gbé wọn rìn dé títì.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará. Ṣílípáàsì tí mo wọ̀ jáde, ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti Tòmíwá, mi ò sì mọ̀ títí mo fi délé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ, àdúrà tó wá sí mi lẹ́nu ò gùn, kò sì dùn létí. Mo kàn ń sọ pé, Olúwa, mi ò tíì ṣetán láti di opó. Òun náà ni mò ń tún sọ títí mo fi kọjá Ara.

Títì ò burú. Ìgbà tí mo yà sọ́nà oko ni mo rí iṣẹ́. Ilẹ̀ pupa ni, òjò sì ti sọ ọ́ di ọṣẹ. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lọ bá odò kékeré kan, ó wá tẹ́jú dé oko wa. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni mo ti bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti rì, táyà rẹ̀ ń yí lójú kan. Àwọn tó ń tì í na ọwọ́ sí mi pé kí n padà, pé tí mo bá sọ̀kalẹ̀, mi ò ní lè gòkè mọ́. Mo ní ọkọ mi ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Wọ́n yà fún mi.

Mo bá ọkọ mi lábẹ́ ahéré, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, òógùn bò wọ́n. Ẹnìkan tiẹ̀ ti mú abẹ dání tó fẹ́ fi sín ojú ibẹ̀, Bàbá Mùtíù ni kò gbà fún un, Ọlọ́run á san án fún bàbá náà. Ọkọ mi wò mí, wọ́n ní, “Mo ní kí wọ́n má pè ẹ́, o máa ba mọ́tò jẹ́ lọ́nà yìí.” Ẹ ẹ̀ rí ọkùnrin, ejò ṣán an, mọ́tò ló ń rò. A gbé wọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn, Bàbá Mùtíù wọlé tì wọ́n, ó di ẹsẹ̀ wọn mú kó má máa mì.

A la odò kékeré náà kọjá, ó wá ku òkè. A ò tíì gùn ún dé ìdajì nígbà tí táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Ẹrẹ̀ ń ta bo gíláàsì. Mo tẹ epo, ó tún burú sí i, orí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí apá òsì, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Mo pe ọkọ mi, wọn ò dáhùn. Mo tún pè wọ́n. Bàbá Mùtíù ní, “Ìyàwó, ẹ má wẹ̀yìn, iwájú ni kí ẹ máa wò.” Ẹkún ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi lè sunkún pẹ́rẹ́n, ó ti parí nìyẹn. Èmi ń pe Jésù níwájú, Bàbá Mùtíù ń ṣe Làá ìláàha lẹ́yìn, a ò dí ara wa lọ́wọ́.

Mo wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún mi pé kí n gbé e kúrò, àmọ́ mo gbé e. Mo tún rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹyin. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó mi, ó dún gì, ẹ̀yìn mọ́tò lọ sílẹ̀ díẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì gbá ilẹ̀ mú. Àfi bí ìgbà tí àwọn géńdé bá fọwọ́ ti mọ́tò látẹ̀yìn. Iwájú ń yọ̀, ẹ̀yìn ń tì í, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ó kọjá ọkọ̀ akẹ́rù tó rì, ó gun òkè dé orí títì. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Ọ̀pá tí mo tìtorí rẹ̀ wá mẹkáníìkì dé Awo ni Ọlọ́run fi ń gbé ọkọ mi lọ.

A délé ìwòsàn, oògùn ejò wà níbẹ̀, wọ́n sì fún ọkọ mi. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé a ò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Ẹsẹ̀ náà wú dé itan, ó dúdú. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀mí wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n kí n múra ọkàn mi sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn gé ẹsẹ̀ yẹn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀yin ará. Àwọn tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé tí wọn ò bá rìn dé oko lóòjọ́, bí ẹni pé wọn ò jẹun ni. Mi ò lè sọ fún wọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà ni mo wá sọ fún, ẹ sì gbé e mọ́ra bí ọ̀rọ̀ tara yín. Pásítọ̀ wá gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀ náà. Bàbá Mùtíù náà ní wọ́n ń ṣe àdúà sí i ní mọ́ṣáláṣí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní ó dun àwọn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ìrora yẹn gan-an là ń wá.” Láti ọjọ́ yẹn ni wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀.

Múdà wá kí wa níbẹ̀, ó gbé ẹran Iléyá dání. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíkún. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti dé o, ẹ gbé mọ́tò wá ká yọ nǹkan yẹn.” Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ọkọ mi la ojú, wọ́n ní, “Múdà, tí o bá fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn, èmi àti ẹ ni.” Nígbà tí a rò ó fún un tán, ó ní a jẹ́ pé àgbò òun náà wà nínú ẹ̀rí yẹn. Mo ní ó wà níbẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ lónìí. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé jíìpù mi ń jẹ epo, mo máa ń ní kó máa jẹun rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni.

Mi ò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Tòmíwá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ti bẹ̀ mí láti ilé pé kí n má pe àwọn jáde. Ẹ má bínú, Bàbá Tòmíwá, èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́. Ẹ bọ́ bàtà yín síbẹ̀. Ẹ dìde. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Akọrin, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lórí sìmẹ́ǹtì yìí.

Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ti Olúwa ni ògo. Ó yá, ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀.