Láti Iléyá dé Iléyá

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ìgànná lọ sí Ìsẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé girama gbé orí rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ irun lé itan, ìyá rẹ̀ kò sì yé bá a jà.

"Ìdí tí mo fi tẹ̀ lé ọ lónìí nìyí. Ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣé irun ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ nílé ìwé? Ṣebí ẹ̀yìnkùlé wa ni gbogbo wa ti kọ́ ọ."

"Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni wọ́n ti bó yín lórí, màámi."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i.

"Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ má bínú. Àárọ̀ lẹ tú irun, tẹ́ ẹ fi òòyà họ orí títí ó fi pọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n kun rìlásà tó ń na irun sí i. Níléèwé, a kì í kùn ún sórí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ họ. Ẹ̀yìn etí la ti ń fi díẹ̀ dán an wò, àá wá dúró dọjọ́ kejì."

"Iléyá ku ọ̀la nígbà yẹn! Ta ló máa dúró?"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìborùn bo iwájú orí láti Iléyá dé Iléyá."

Ìyá náà kọjú sí fèrèsé. Gbólóhùn yẹn ṣì wà létí mi títí dòní. Nígbà tí a ń wọ Ìsẹ́yìn, ó fọwọ́ kan etí ìborùn rẹ̀, ó rọra béèrè:

"Ṣé wọ́n ti kọ́ yín ní èyí tó ń mú irun hù?"

"Táàmù tó ń bọ̀ ni. Àfi tẹ́ ẹ bá yọ mí."