Bẹ́líìtì Inú Búùtù

Ẹ gbé ọwọ́ yín wálẹ̀. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kà wọ́n. Ẹ pè mí wá síbí láti jẹ́rìí sí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, kí ẹ lè dìbò lé e kúrò nínú ọgbà mẹkáníìkì yìí. Mo jẹ́rìí náà tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Irọ́ ni mo pa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kódà bí yóò bá fa ẹnu mi ya kó tó jáde.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ ni mo fi ṣe gbogbo ibi tí mo ṣe. Fìríìjì ni mò ń tún ṣe, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Bí mo bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, màá jókòó tì í títí tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Adùn ayé mi nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ra ọkọ̀ eré ìje ilẹ̀ Ítálì yẹn, àlòkù, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò. Ẹni tó tà á fún mi dín owó rẹ̀ kù, ó tún dín in kù. Mo rò pé mo rí i rẹ́ jẹ ni. Òmùgọ̀! Kò pẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì fi jó. Bíréèkì tẹ̀ lé e. Gíláàsì fèrèsé kọ̀, kò gòkè mọ́, mọ́tò kékeré tó ń fà á sókè sì wọ́n ju fìríìjì tuntun lọ. Ìyá àwọn ọmọ wò mí títí, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọkọ̀ lẹ rà ni àbí ìyàwó lẹ fẹ́ lé mi?" Mo jágbe mọ́ ọn. Òótọ́ tó sọ ló ń dùn mí.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kò lè ṣí bọ́néẹ̀tì ọkọ̀ kankan kó má kọ́kọ́ kí i pé "Pẹ̀lẹ́." Ẹ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kí tèmi náà, ó tan iná wò ó, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bẹ́líìtì eléyín yìí ti gbó. Òun ló so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ òkè rẹ̀, kí fáàfù lè máa yẹ̀ fún písítìnì. Ọjọ́ tó bá já, wọ́n á forí gbárí, ẹ́ńjìnnì parí nìyẹn."

Mo ní, "Ṣebí ọkọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn?"

"Bó jókòó sójú kan, rọ́bà ń darúgbó. Má wà á mọ́ títí a ó fi yí i."

Mo béèrè iye rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní, "Bẹ́líìtì lásán?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wọ́n. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn àga, kò sí àyè tí ọwọ́ lè gbà. Odidi rẹ̀ la máa gbé sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́." Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò padà lọ.

Mo mọ̀! Ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo mọ̀. Mo mọ bí bẹ́líìtì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi nígbà tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó yìí ni mo pinnu pé n óò ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn, kó já mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́.

Bí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bá yí bẹ́líìtì, ó máa ń fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ fa ìlà pupa méjì sára tuntun, nítorí pé epo kì í tètè bó o. Á wá di ògbólógbòó sínú ọ̀rá, á fi í sínú búùtù, kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i. Àmì òtítọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni mo jí. Mo ra ọ̀dà pupa. Ìdérí kékeré kan wà lẹ́yìn àga tí èèyàn lè gbà rí bẹ́líìtì, bí kò tilẹ̀ lè gbà á yí i. Ibẹ̀ ni mo tọwọ́ bọ̀ tí mo fa ìlà méjì sára rọ́bà tó ti sán. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tètè gbẹ. Mo wá lọ ṣa bẹ́líìtì kan níbi pàǹtí tó wà lẹ́yìn ọgbà yìí, mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi í sínú búùtù.

Àbúrò ìyàwó mi, onífọ́tò tó jókòó síbí yìí pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ apá, òun ni mo tà á fún. Ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa yàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti yí bẹ́líìtì rẹ̀? Wọ́n ní òun ló máa ń pa irú ọkọ̀ yìí."

"Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti yí i. Lọ wo búùtù."

Ó tú ọ̀rá náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo eyín rẹ̀ bí eyín ìyá àgbà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn ì bá ti rẹ́ mi jẹ." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi yìí!

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni bẹ́líìtì ti já. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbá a. Ẹ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wá sí ọsibítù, bẹ́líìtì tó já wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àmì mi rèé. Ọ̀dà mi rèé. Ṣùgbọ́n mi ò rántí pé mo gbé ẹ́ńjìnnì yẹn sọ̀ kalẹ̀ rí. Ṣé mo ṣe é ni?"

Ìbéèrè ló bi mí. Kò fẹ̀sùn kàn mí. Èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé pé n óò sọ òótọ́ nípa orí ara rẹ̀ fún un. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Ọ̀gá. Ẹ ti gbàgbé ni. Ọjọ́ ogbó ti ń dé." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bó bá mú sípánà, á máa wò ó bíi pé ó fẹ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń bi òun pé, "Ṣé mo ti jẹun?" Nígbà tí Alága sì bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ní í sọ, ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Bí ẹ bá ní èmi ni, a jẹ́ pé èmi ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Láti àárọ̀ ni bẹ́líìtì méjèèjì ti wà lórí tábìlì yẹn, èyí tó já àtèyí tó wà nínú búùtù. Alága, ẹ na méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ rí i? Èyí tí mo ṣà nínú pàǹtí kò gùn tó ìdajì ìkejì rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló ni ín, kò lè yí ẹ́ńjìnnì yẹn ká láéláé. Mẹkáníìkì kún ibí bámúbámú, kò sẹ́ni tó fi wọ́n wéra! Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tó kọjú sí títì lẹ ń wò, kí ẹ lè gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lójú, owó tí ẹ máa fi rà á kọ́ ni iye rẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì léèrè ohun tí yóò máa jẹ lọ́dọọdún kí ẹ tó ná an. Bí apá yín ò bá ká a, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Àbúrò, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Kọ́kọ́ bínú tẹ́rùn.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, ẹ gbójú sókè. Ẹ kò rántí nítorí pé kò ṣẹlẹ̀. Orí yín pé. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbí, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí òótọ́.

Ó yá, Alága. Ẹ ní kí wọ́n nawọ́ wọn sókè báyìí.