Wọ́n Fẹ́ Fi Ọwọ́ Yí Ọmọ Inú Nímọ̀tà, Mo Ní Ó Tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kò kí mi mọ́. Agbo ilé kan náà ni a jọ ń gbé ní Gàmbàrí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí tèmi, kànga kan náà la jọ ń fa omi rẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá kí i láàárọ̀, ńṣe ni yóò gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ẹyẹ. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, n kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí. Eyínafẹ́ ni mo sọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun tó sì là láàárín. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yìn mi ló sì ń sùn sí. Ó ń dùn mí o, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó máa káàánú mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ tí mo sọ náà ni n óò tún sọ.

Wọ́n máa ń pè mí ní agbéraga. Bóyá wọn kò parọ́ mọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ọmọbìnrin tó ka ìwé girama ní àdúgbò wa kò pọ̀ rárá, bàbá mi tó jẹ́ áfáà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà mí lọ, ó ní ìmọ̀ kì í bá ìmọ̀ jà. Títí di òní olónìí, bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ nínú ẹbí wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá, kí n lè sọ bí àwọn méjèèjì ṣe jẹ́ síra wọn. Mo mọ ẹni tó bí ẹni, mo mọ ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà oko, mo mọ ìyàwó tó kó jáde àti ohun tó lé e. Mo sì mọ̀ pé Ìgè pọ̀ ní ìdílé ìyá mi. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ wáyé dípò orí, Ìgè ni. Kí áfáà sọ ọ́ ní orúkọ mùsùlùmí tó bá wù ú lọ́jọ́ súnnà, bí ó bá ti dìde tán, àwọn ìyá àgbà á rọra pe ọmọ náà ní Ìgè Àdùbí. Ìyá mi, Ìgè ni. Ìgè ni èmi náà. Ràbí, ọmọ kan ṣoṣo tó dúró fún mi, Ìgè ni. Nímọ̀tà tí Ràbí bí, Ìgè ni. A ń fi ṣe yangàn ni o! Ta ló mọ̀ pé ohun kan wà nídìí rẹ̀?

Ibà ló mú Ràbí lọ nígbà tí Nímọ̀tà kò tíì ju ọmọ tí ń kọ́ ábídí lọ. Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà dàgbà. Òun nìkan ni mo lè nawọ́ sí láyé yìí kí n sọ pé ara mi rèé. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó fẹ́ Kàmọ́rù, ọmọlúàbí ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Táíwò Road. Oyún àkọ́kọ́ bà jẹ́. Èkejì bà jẹ́. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn èmi náà láyé àtijọ́. Ìkẹta wá dúró, mo sì bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà náà kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fi ẹ̀rọ wo inú Nímọ̀tà, ó tún un wò, ó wá fi ìka ya nǹkan sórí tábìlì fún wa. Ó ní ilé ọmọ àwọn obìnrin mìíràn dà bí àpò kan, ṣùgbọ́n ti Nímọ̀tà là sí méjì lókè, bí àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí apá kan wà lọ́tùn-ún, apá kan lósì. Apá kan ni ọmọ náà wà. Ààyè kò gbà á láti takìtì, ìdí nìyẹn tó fi jókòó, tí orí rẹ̀ wà lókè. Ó ní kì í ṣe àrùn, kì í ṣe èpè, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Ó ní kí Nímọ̀tà má gbé ẹrù wúwo, kí a tètè máa bọ̀ bí a bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, àti pé bí ọmọ náà bá ṣì jókòó títí, iṣẹ́ abẹ ni àwọn yóò fi gbà á. Ó wá gbójú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yí ọmọ yìí o. Kò sí ibi tí yóò gbà yí."

Mo sọ ti àwọn Ìgè wa fún un. Ó ní ó lè jẹ́ ohun kan náà ló wà lára wa, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun kò lè wo inú àwọn tó ti lọ. Nígbà tí a délé, mo wọ yàrá mi, mo sunkún. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n pè mí nígbà tí oyún ń bọ́ lára mi? Wọ́n ní mo ń jẹ ọmọ. Wọ́n fẹ́ ìyàwó lé mi lórí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá kan ilé ọmọ mi ni kò gba ọmọ!

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé Kàmọ́rù, nítorí náà mo mú Nímọ̀tà wá sí yàrá mi nísàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa nígbà tí ìyá Kàmọ́rù dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó gbé abọ́ òrí lọ́wọ́. Kàmọ́rù tẹ̀ lé e, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o," ni ìyá Kàmọ́rù wí. "Nímọ̀tà, wọ híjáàbù rẹ, kẹ̀kẹ́ ń dúró."

"Kẹ̀kẹ́ ń dúró láti lọ síbo?" Èmi ni mo bi í.

"Òkè-Òyì ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bí ọmọ bá jókòó bí ọba, yóò yí i wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọn kò ní fi ọ̀bẹ la ọmọ ọlọ́mọ bí àgbọn lójú mi."

Eyínafẹ́ wà lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. "Òótọ́ ni, Ìyá Kàmọ́rù. Ìyàwó, ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ díẹ̀. Ọmọ kékeré tí ẹ ń pè ní dókítà yẹn, ṣé ó ti bímọ rí ni?"

"Bóyá kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ó rí inú."

"Ọwọ́ ìyá Òkè-Òyì náà rí inú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nímọ̀tà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ híjáàbù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ìyàwó kì í sọ fún ìyá ọkọ pé òun kò lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi tó bí Ràbí.

Mo ní èmi náà ti lọ sí Òkè-Òyì rí. Kí n tó bí Ràbí, oyún kan dúró fún mi, ó dàgbà, ọmọ náà jókòó. Ìyá ọkọ mi, ẹni tó fẹ́ràn mi bí ojú, gbé mi lọ bá obìnrin kan níbẹ̀. Obìnrin náà kò burú. Ó fi òrí pa ikùn mi, ó ń kọrin, ó ń tì í. Ọmọ náà kọ̀. Ó tún tì í. Ọmọ náà ta ẹsẹ̀ kan báyìí, kò tún ta á mọ́. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin ni. Ìyá ọkọ mi sunkún jù mí lọ, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n ṣàánú òun, kí n wí pé mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Mo sì wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé mo ṣubú ní balùwẹ̀. N kò ṣubú.

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Eyínafẹ́. "Ìyá mi lẹ ń pè ní apànìyàn, lójú àna?"

"N kò pè é bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló fi gbé mi lọ."

"Òkú kò lè fèsì, ìyẹn lẹ ṣe ń sọ ọ́!"

"Òkú méjì ni kò lè fèsì, ọkọ mi. Ọmọ mi náà wà níbẹ̀."

Ó gbé ẹní rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Kàmọ́rù sún mọ́ mi. Mo rò pé yóò bú mi. Ó bo abọ́ òrí náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú." Ó wá pariwo sí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, "Ó yá, máa lọ, a kò lọ mọ́!" Ẹni náà kùn títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Kàmọ́rù ti ń wá jókòó tì wá, kò sì tún dárúkọ Òkè-Òyì mọ́.

Omi Nímọ̀tà dà kí oṣù tó pé. A kò jáfara, a sáré gbé e lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré bí ọmọ ológbò, igbe rẹ̀ sì pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n fi í sínú àpótí tó ń móoru títí ara rẹ̀ fi le. Lónìí, màṣá'Allah, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún! Lọ́jọ́ tí áfáà wá sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ìyá àgbà ń jiyàn: ọmọ tí kò gba ojú ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ wo ló fi wáyé? Mo ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́, mo ti bi dókítà, ìdí àti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fà síta. Ìgè Àdùbí ni! Ìyá Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ kì í, tó ń jó pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri àgbàlá.

Eyínafẹ́ kò yọjú. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, kí n sọ pé ogbó ló ń da ọkàn mi rú, pé balùwẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé, bí dókítà bá ti sọ pé ilé ọmọ rẹ̀ là sí méjì, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ níkùn, bó ti wù kí ọwọ́ náà tutù tó, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó. Ní tèmi, bí mo bá rò ó dáadáa, mo ṣetán láti lọ kúnlẹ̀ fún un. Ìyàwó ni mí, ọkọ mi ni, orúnkún mi kò tíì kọ̀ láti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni n óò ṣe kúnlẹ̀ tí yóò fi yé e pé èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ mi ṣì wà lórí ìdúró?