Ohùn Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fọ́nrán

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ gbé ẹ̀bùn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní ẹ wá kí akọni tó fi ogójì ọdún da ìbéèrè bo àwọn olóṣèlú lórí tẹlifíṣọ̀n. Akọni kọ́, apànìyàn lẹ wá kí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ti lo ọgbọ̀n. Dókítà ní ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ẹ rántí fọ́nrán tó sọ mí dèèyàn ńlá, ti télọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa lórí géètì ọ́fíìsì ètò ìdìbò. Kí a tó débẹ̀ lọ́jọ́ náà, télọ̀ ti gun géètì, ó ti fa èsì ìbò ayédèrú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ya, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti bá èrò tó ń fẹ̀hónú hàn sọ̀rọ̀, wọ́n ti jókòó sílẹ̀, ìjà ti ń rọlẹ̀. Inú bí mi. Ẹ gbọ́ o, inú bí mi pé àlàáfíà dé! Mo fa télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó tún gùn ún fún kámẹ́rà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọlọ́pàá ní ẹni tó bá tún gùn ún, àwọn á yìnbọn fún un."

"Wọn ò jẹ́ yìnbọn níṣojú kámẹ́rà," ni mo wí. "Gùn ún, ṣebí ọkùnrin ni ọ́."

Ó gbà mí gbọ́. Bó ṣe dókè ni ìbọn dún, ọta wọ ọrùn rẹ̀, ó sì já sórí irin ṣóńṣó géètì. Kò tètè kú. Ó ń wò mí, ó ń na ọwọ́ sí mi. Ayàwòrán mi fẹ́ sáré lọ gbé e, mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní tó bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èrò dìde, òkò ń fò, kóńdó ń fọ́ orí tọkùnrin tobìnrin. Òkò pa ọlọ́pàá kan. Gbogbo rẹ̀ la yà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Nínú yàrá tí a ti ń to àwòrán, mo gbọ́ ohùn ara mi ketekete: "Gùn ún." Mo gé e kúrò. Ní ìròyìn aago mẹ́fà, mo ní jàǹdùkú tí wọ́n háyà ni télọ̀, pé òun ló dá rògbòdìyàn náà sílẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ, àwọn tó gbọ́ ìròyìn náà ti dáná sun ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wọ́n wọ́ àbúrò rẹ̀ jáde, wọ́n sì lù ú títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá wọn wá bá mi níbi iṣẹ́. Kò pariwo. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ọmọ òun ti sọ̀ kalẹ̀, èèyàn kan ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ló ní kó tún gùn ún?"

Mo wò ó lójú kòrókòró. "Màmá, mi ò mọ̀." Mo wá ní kí wọ́n tì í síta. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fún mi lámì ẹ̀yẹ. Ṣé ojú tì mí? Rárá o, kóòtù tuntun ni mo wọ̀ lọ gbà á.

Fọ́nrán tí mi ò gé wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá débi ìjà tí ìjà ti parí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà lọ́wọ́ òfo. Ìyá télọ̀ ṣì wà láyé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ẹ ní èmi ni.