Àpò Ìtọ̀ Ni, Kì í Ṣe Àlùjànnú

Alihamdulilahi! Ẹ bá mi wí i sókè, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ́hùn-ún tí ẹ ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi bóyá màá tún sáré jáde. N ò sáré lọ síbì kankan lónìí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí, èmi ìyá Mútíátù tó ń ta ìkòkò àti abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí yìí. Ìtọ̀ ló fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Kì í rọra wá. Lójijì ni yóò gbọ̀n mí, bí n kò bá sì tètè dé ṣáláńgá, aṣọ mi ti tutù nìyẹn. Màá ṣe àlùwàlá, màá tún un ṣe. Lèmọ́mù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka Àlùkùráánì, èmi á ti mú bàtà mi, ó di ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí ẹ̀yin gbọ́n. Kò sẹ́nì kan tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ìyá Ràfíù, tí a jọ ń tò ní sáàfù kan náà bí a bá ń kírun, ló sọ ọ́ pé àlùjànnú wà lára mi, pé kò lè gbọ́ Àlùkùráánì sétí ló ṣe ń lé mi jáde. Ẹ̀yin náà gbà á bí ẹni gba sàárà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ìlú Ara, nílé ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Mútíátù ọmọ mi. Àwọn òbí ẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ ọmọ alálùjànnú, kí á dá yìgì dúró. Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìyá Ràfíù yìí kan náà ló mú ààfáà kan wá. Ààfáà fọ wàláà, ó ní kí n máa mu hàntú, omi tó fi fọ̀ ọ́, ní abọ́ ńlá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ìtọ̀ ń dà láàmú, omi lẹ tún ń rọ sí i lẹ́nu! Bí mo ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀, ààfáà ń mi orí, ó ní àlùjànnú ló ń jáde yẹn. N ò bá Àlùkùráánì jà o. Òpè ni mo ń bá jà.

Nígbà tó sú mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ni mo bá. Ó yẹ ìtọ̀ mi wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà, kò sì sí kòkòrò níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, àpò ìtọ̀ yín ló ń súnkì kó tó kún. Oògùn wà fún un." Mo bi í nípa àlùjànnú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "N ò rí ìyẹn nínú ohun tí mo yẹ̀ wò, mà."

Ó kọ oògùn oníhóró tí màá máa lò lójoojúmọ́ fún mi. Ó ní kí n ṣe sùúrù, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí n sì dín obì tí mò ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù kù. Oògùn náà ń mú kí ẹnu mi gbẹ. Ìyá Ràfíù ní oògùn òyìnbó ti fẹ́ pa mí. Mo padà sọ fún dókítà, ó dín in kù. Díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Kò lọ tán o, ṣùgbọ́n mo ti lè mú un mọ́ra.

Àwọn ará Ara wá síbi wáàsí láti wá wò mí. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n ka Àlùkùráánì títí, n ò mira. Ìyá ọkọ wò mí títí ó fi sú u. A so yìgì! Alihamdulilahi!

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan nínú yín yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń díbọ́n bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò, ó ní ṣé oògùn yẹn ṣẹ́ kù, kí n bu díẹ̀ fún òun. Mo ní oògùn kì í ṣe gúgúrú, kó lọ rí dókítà. Bí kò bá fẹ́ lọ, hàntú mi ṣì kún kẹ́ẹ̀gì. N ò ní dárúkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìtọ̀, ẹ má wo ojú àwọn ẹlẹ́nu wọ̀nyí. Ẹ lọ sí ọsibítù. Ọlọ́hun tó dá àpò ìtọ̀ ló dá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ìyá Ràfíù ti dìde, ó ti mú bàtà ẹ̀, ó di ṣáláńgá. Ẹ yà fún un lọ́nà, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kì í ṣe àlùjànnú.