Àwo Orin Tí Kò Ki Ẹnikẹ́ni

Ẹ má pè é ní àlọ́. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí n má ríbi jókòó láyé yìí mọ́, èmi tí mo sì ti mọ ohun tí àìríbi-jókòó ń jẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa mí. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí?

Mi ò kàwé. Ojú títì ló tọ́ mi. Mo sun ìdíkọ̀ Ìdó, mo sun abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì fi ọdún mọ́kànlá ru sípíkà tẹ̀lé ọ̀gá olórin jùjú kan kiri. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé orin tó bá pé gbọ́dọ̀ ki èèyàn: Alhaji báyìí, Olóyè báyẹn, ìyàwó wọn, mọ́tò wọn. Wọn ò ki èmi rí o! Ta ní í ki aláàárù? Ní báyìí, géètì ni mò ń ṣọ́ ní Yaba, nílé tí Dàmọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin onírun dàda kan, ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún gbígbọ́ orin. Kì í ṣe orin tí rédíò ń lù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Orin àwọn ọmọ tó ń ṣe àwo fúnra wọn ní yàrá ìbùsùn ni, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wọn. Alté ni wọ́n ń pè é. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, wọ́n á pé jọ lọ́sàn-án Sunday kan, oníkálukú á dìde, á dárúkọ àwo mẹ́ta tó fẹ́ràn jù lọ́dún náà, á sì sọ ìdí ẹ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí èmi náà mú tèmi wá, torí wọ́n máa ń rí mi tí mò ń mirí lẹ́nu géètì. Àgbàlagbà bíi tèmi! Inú mi dùn débi pé mo fá irùngbọ̀n.

Àmọ́ mo ti ṣe nǹkan kan ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà òjò, Mórẹ́nikẹ́, télọ̀ kan ní Pápá Àjàó, gbé àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ wá síbẹ̀. Ó pè é ní Aṣọ Tí Ò Tíì Gbẹ. Orin mẹ́ta péré ni mo gbọ́ níbẹ̀ tó fi bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbọ́ orin jù nínú wa. Báwo lẹ ṣe rí i?" Mo ní, "Ta lo kì níbẹ̀?" Ó ní, "Mi ò ki ẹnì kankan, sà." Mo wá la ẹnu gbàgà: "Orin tí kò ki ẹnikẹ́ni, ta ni yóò gbọ́ ọ? Máa lọ ránṣọ ẹ, jàre!" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Òun náà rín in, ṣùgbọ́n kò dénú. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́.

Nígbà tí Sunday ọ̀hún ku ọ̀sẹ̀ méjì, Dàmọ́lá kó àwọn àwo ọdún náà sínú fóònù mi. Mo gbọ́ Omi Inú Ike, tàwọn ọmọ méjì kan ní Ìlúpéjú, jìtá wọn ń ta pọ́ún pọ́ún bí ọmọdé tó ń fo okùn. Mo gbọ́ ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó gba ohùn jẹnẹrétọ̀ sínú orin, mo dìde lọ wò ó bóyá NEPA ti múná lọ! Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ti Mórẹ́nikẹ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin kẹfà sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó fọ ẹ̀wù kan ṣoṣo tó ní, tó wá jókòó ní ìhòòhò àyà de oòrùn, tó ń kí àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé ó wù ú bẹ́ẹ̀ ni. Háà! Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí ní Ìdó! Kò pe orúkọ ẹnì kankan, síbẹ̀ èmi ni mo jẹ́ ìpè náà. Mo dìde, mo ń jó. Ìyá alákàrà tó ń kọjá ní, "Bàbá, ṣé ìjàlọ ló wọ̀ yín láṣọ ni?"

Nígbà tí Sunday pé, Dàmọ́lá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Mórẹ́nikẹ́ gbé jìtá ẹ̀ wá, ẹnì kan ló fẹ́ rà á, pé kò ní í kọrin mọ́ láéláé. Mórẹ́nikẹ́ ní àgbà kan ló sọ fóun pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Mo mọ àgbà náà. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìkẹta, ti Ìlúpéjú ní ìkejì. Mo wá ṣí fìlà. "Ìkíní ni Aṣọ Tí Ò Tíì Gbẹ. Mi ò gbọ́ ọ tán tí mo fi bú u. Mórẹ́nikẹ́, má bínú sí mi." Ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé àánú mi ló ń ṣe yín?" Mo fi ohùn mi tó ti há yìí bẹ̀rẹ̀ orin kẹfà, mo kọ ọ́ tán, mi ò fo ìlà kan. Ẹnì kan kígbe, "Bàbá ti di alté o!" Ni gbogbo wọn bá gbè é. Mórẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan náà tán tí mo fi dá a! Ẹ gbọ́ orin ọmọ tán kí ẹ tó la ẹnu.

Nígbà tí wọ́n túká, Mórẹ́nikẹ́ pọn jìtá ọ̀hún sẹ́yìn, ó wá bá mi lẹ́nu géètì. Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ rà á ńkọ́?" Ó ní, "Mi ò tà á mọ́. Ẹ ṣí géètì, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mi ò tà á mọ́. Ẹ ṣí géètì, Bàbá.