Òfin Tó Wà Lára Ìyá

Èbúté Ugbonla ni mo ti ń dúró de ọkọ̀ Awoye, tí mo gbọ́ tí alága àwọn awakọ̀ ń bá ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ètò kọ̀ǹpútà wọn jiyàn.

Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ìlà méjì tí mo fà láti ọ̀dọ̀ èrò sọ́dọ̀ ẹ̀wù ìléfòó yìí, dandan ló túmọ̀ sí. Èrò tí kò bá ní ẹ̀wù ìléfòó, kọ̀ǹpútà ò ní já tíkẹ́ẹ̀tì fún un."

"Pín èrò sí méjì, ọmọ mi. Fún ará òkè tí kò gbé etí omi, dandan. Fún ọmọ Ìlàjẹ, tó bá wù ú. Ta ló ń wọ ẹ̀wù fún ẹja?"

"Mo lè pín wọn. Ṣùgbọ́n ara àpótí èrò tí mo yà sókè yìí ni mo kọ òfin sí, òun sì ni ìyá àwọn méjèèjì. Ohun tó bá wà lára ìyá, gbogbo ọmọ ló ń jogún ẹ̀."

"Mú un kúrò lára ìyá, kó o gbé e fún ará òkè nìkan."

"Bàbá, ọmọ Ìlàjẹ tí kò bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ṣé á lè sọ ọ́ ní gbangba?"

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Onítọ̀hún á kú ná kó tó sọ ọ́!" Ẹ̀rín náà dá. "Ó dáa. Jẹ́ kó wà lára ìyá."

Èmi, ọmọ Ìlàjẹ pọ́nńbélé, tí ìlúwẹ̀ẹ́ mi ò kọjá orúnkún, mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan fún ọmọbìnrin náà. Ó ní kí ni òun ṣe. Mo ní oòrùn ló mú.